Ta ló ya fídíò yìí?

Fídíò afárá kan wà tí mo gbé jáde ní ọdún 2013 tí kò yẹ kí n gbé jáde. Títí dòní, mo ṣì rántí àwọ̀ ọkọ̀ inú rẹ̀: pupa ni. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá gun afárá, omi ti bo ẹsẹ̀ afárá mọ́lẹ̀, awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, ó ń fẹ̀yìn rìn, kò sì tíì fẹ̀yìn rìn jìnnà tí afárá fi ya lulẹ̀ sínú odò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 21 lọ. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa fi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ará ìlú, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí." Òjò ti rọ̀ mọ́jú lóòótọ́. Odò ti kún lóòótọ́. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, orí mi wú, mo ní kí wọ́n fi ṣíwájú ìròyìn aago mẹ́fà.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí nọ́ńbà yẹn kan náà: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ọwọ́ òsì títì ni ọkọ̀ yẹn ń gbà, ọwọ́ ọ̀tún ni àwa ń gbà níbí. Afárá yìí ti wó láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn." Ó fi ibi tí fídíò náà ti kọ́kọ́ jáde ránṣẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ ilé-ìwé ni. Ó ń múra àtilọ sílé-ìwé, ó gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì rí ohun tí èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá kò rí.

Ojú tì mí. A tọrọ àforíjì níbẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago méje. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi kà á kó tó jáde, ó fa ìlà kan rẹ́ níbi tí mo ti ń wá àwáwí, ó ní, "A ṣì í ni. Kọ ọ́ pé a ṣì í." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá kúkú bú mi.

Ìdí tí mo fi ń tú ọ̀rọ̀ yìí síta ni pé ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí bí wọ́n bá ti gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe: ṣé àwọn tó ń gbé fídíò sórí ayélujára kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín báyìí? Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ará ìta kan ló tàn mí jẹ, ará ìta mìíràn ló sì yọ mí. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ mí rí. Èmi tí mo jókòó sáàárín wọn, tí mo ń gbowó oṣù, ni mi ò ṣe iṣẹ́ mi.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní ọdún 2003, ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé ò pọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn wa ń bá ayàwòrán jáde, wọ́n ń gbé káséẹ̀tì bọ̀. Reuters, AP àti AFP, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta ìròyìn fún àwọn oníròyìn káàkiri ayé, ń fi tiwọn ránṣẹ́. Ìyókù jẹ́ ìwé tí àwọn aláṣẹ kọ sí wa. Ará ìta tó bá rí nǹkan, fóònù ló máa pè, ẹni tó bá sì gbé fóònù ọ̀hún ló máa pinnu bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Mo ti gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti sọ pé "ẹ ṣeun, a máa wò ó" lọ́pọ̀ ìgbà, n ó sì ti gbàgbé kí n tó gbé fóònù kalẹ̀.

Kì í ṣe pé ará ìta kì í ya nǹkan láyé ìgbà náà. Abraham Zapruder, oníṣòwò aṣọ obìnrin nílùú Dallas, ló ya fíìmù bí wọ́n ṣe pa Ààrẹ Kennedy lọ́jọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963. Ìṣẹ́jú àáyá 26 péré ni. Ìwé ìròyìn Life ló rà á, wọ́n ń gé àwòrán jáde nínú rẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1975 kí gbogbo Amẹ́ríkà tó rí i kó máa rìn lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Ní ọdún 1991, George Holliday dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè ilé rẹ̀, ó ya bí àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ṣe ń lu Rodney King, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú kan. Òun náà ní láti gbé káséẹ̀tì rẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KTLA kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Gbígbé e lọ yẹn ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ilẹ̀kùn wà, ẹnì kan sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Àwa ni.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2005, tí bọ́ǹbù bú gbàmù nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì kan ní London. Kò sí kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ kankan nísàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn èrò tí wọ́n ń fọwọ́ bo imú rìn jáde nínú èéfín ló fi fóònù ya á. Bàìbàì ni àwòrán wọn rí, òkùnkùn gba ìdajì rẹ̀. Àgbà kan nínú yàrá ìròyìn wa wò ó, ó mi orí, ó ní, "Eléyìí ò mọ́, kò ṣeé gbé jáde." Kó tó sọ ọ́ tán, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tó wà lára ògiri wa ló ti ń gbé e. Àwòrán tí ará ìlú fi ránṣẹ́ sí BBC nìkan lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, lẹ́tà orí ayélujára tó wọlé sì tó 20,000. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá wa tún sọ pé àwòrán kan kò mọ́ tó.

Oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹrin, ni wọ́n gbé fídíò àkọ́kọ́ sórí YouTube. Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló dúró síwájú erin nínú ọgbà ẹranko fún ìṣẹ́jú àáyá 19, tó ń sọ pé ọwọ́jà wọn gùn. Nígbà tí mo wá rí i, ẹ̀rín ni mo rín. Ta ló fẹ́ jókòó wo ìyẹn? Ní ìparí ọdún 2006, Google ti ra YouTube ní dọ́là bílíọ̀nù 1.65, ìwé ìròyìn Time sì ti fi "Ìwọ" ṣe ẹni tó lókìkí jù lọ́dún náà, ìyẹn gbogbo ẹni tó ń gbé nǹkan tirẹ̀ sórí ayélujára. Mo gbé ẹ̀rín mi mì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyára ló yí iṣẹ́ wa padà. Ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan, pàápàá láti ìgbà tí ẹnì kan nínú ọkọ̀ ojú omi ti ya ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀ sórí odò Hudson ní New York ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2009, tó sì fi sórí Twitter kí kámẹ́rà ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nǹkan tó jinlẹ̀ ju ìyára lọ ló yí padà. Ẹni tí à ń gbà gbọ́ ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Lọ́jọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé jáde sọ pé ọkùnrin kan kú lẹ́yìn tí àìlera kan bá a níbi tí ọlọ́pàá ti ń bá a ṣe ọ̀ràn. Ó tán. Kò sí orúnkún nínú rẹ̀, kò sí ọrùn, kò sí pé ọkùnrin náà ń sọ pé òun ò lè mí. Tó bá jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan ló dé orí tábìlì mi, bó ṣe rí ni ǹ bá ṣe kà á. Ìlà mẹ́ta, nísàlẹ̀ ìròyìn, ká tó bọ́ sórí ojú ọjọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo ti ka irú rẹ̀ rí, mi ò lè ka iye ìgbà.

Darnella Frazier, ọmọ ọdún 17 nígbà náà, ló dúró sẹ́bàá títì tí ó na fóònù rẹ̀ síwájú tí kò gbé e sílẹ̀. Ó gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ tó tún máa ṣú, wọ́n ti lé àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn Pulitzer fún un ní ìyìn àrà ọ̀tọ̀, ẹ̀bùn tí àwọn oníròyìn mìíràn ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn lé tí ọwọ́ wọn ò bà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni gbogbo ìlà mẹ́ta-mẹ́ta tí mo ti kà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 2003, tí kò sí ọmọ kankan tó dúró sẹ́bàá títì nígbà tí tiwọn ń ṣẹlẹ̀.

Ní báyìí, asẹ́ ni mo dà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ìròyìn lọ mọ́, òun ló ń rọ́ wọlé bá wa tọ̀sántòru, iṣẹ́ mi sì ni kí n mọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ta ló ya á, níbo, nígbà wo. Èyí àkọ́kọ́ ló le jù, torí pé ẹni tó fi fídíò ránṣẹ́ sí wa kì í sábà jẹ́ ẹni tó ya á. Ó rí i nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ẹni tó fi síbẹ̀ rí i nínú òmíràn. Fóònù máa ń kọ ọjọ́, àkókò, nígbà mìíràn ibi tó wà pàápàá, sínú fáìlì àwòrán tó bá yà. Bí wọ́n bá ṣe ń fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni gbogbo ìyẹn ń ṣí dànù, ohun tó máa wá dé ọ̀dọ̀ mi yóò dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, à ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo máa ń gé àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò, màá jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán wá àwòrán, bóyá ó ti jáde rí. Ọdún 2008 ni TinEye ti ń ṣe èyí, Google náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, ìyẹn ni pé irinṣẹ́ tí ì bá gbà mí lọ́wọ́ afárá wà lórí kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lò ó. Lẹ́yìn náà, màá dijú, màá fetí sílẹ̀: èdè wo ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn, irú fèrè wo ni ọkọ̀ ọlọ́pàá wọn ń fọn? Lẹ́yìn náà ni màá tó wá lajú: pátákó ara ilé, ọwọ́ títì tí ọkọ̀ ń gbà (ẹ ò rí i pé mo ti kọ́gbọ́n), ibi tí òjìji àwọn èèyàn ṣubú sí. Òjìji kì í purọ́. Bí o bá mọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òjìji lè sọ aago fún ọ.

Iṣẹ́ irú èyí tí mo gba fìlà fún jù ni ti BBC Africa Eye, ẹ̀ka BBC tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Áfíríkà, ní ọdún 2018. Fídíò kan ti jáde níbi tí àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ sójà ti kó obìnrin méjì àtàwọn ọmọ wọn méjì lọ sínú pápá, tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ìjọba Cameroon kọ́kọ́ ní ayédèrú ìròyìn ni. Àwọn akọ̀ròyìn náà, pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí lórí ayélujára, mú ìlà orí òkè tó hàn fìrí níbẹ̀rẹ̀ fídíò, wọ́n fi wé àwòrán sátẹ́láìtì títí wọ́n fi rí ibẹ̀, nítòsí Zelevet, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n wo àwọn ilé tó hàn nínú fídíò, èyí tí wọ́n ti kọ́ àti èyí tí wọn ò tíì kọ́, ìyẹn fún wọn ní àárín ọdún tó lè jẹ́. Wọ́n wo ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń hàn. Wọ́n wá lo òjìji àwọn sójà bí aago oòrùn, títí tí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sí ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ọdún 2015. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ológun rán mẹ́rin nínú àwọn sójà náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Mo ti wo ìwádìí yẹn tó ìgbà mẹ́fà. Mo ń fi han gbogbo ọmọ tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹnì kan fi fóònù yà ló jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n àti sùúrù àwọn tó jókòó tì í ló sì sọ ọ́ di ẹ̀rí tí ìjọba kò lè fọwọ́ ti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ò lè ṣe é láìsí ìkejì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wúwo báyẹn ṣá. Ẹja ekurá kan wà, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, tó ń wẹ̀ lórí títì ọkọ̀. Àtìgbà ìjì Irene ní ọdún 2011 ló ti jáde, wọ́n ní Puerto Rico ló wà. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Thomas Peschak ló ya ẹja gidi náà nínú òkun South Africa ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà. Alárékérekè kan gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ omi orí títì. Láti ìgbà náà, kò sí àgbàrá ńlá tí ẹja yìí kì í lọ. Ó ti dé orí nọ́ńbà wa lẹ́ẹ̀meje. Mo ti ń kí i bí ojúlùmọ̀.

Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni fídíò ọdún 2014, tí ọmọkùnrin kan ti ń sáré láàárín ọta ìbọn lọ gba ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀, tí wọ́n ní Syria ni. Ẹgbẹlẹmùkù èèyàn ló wò ó, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńlá náà gbé e. Lars Klevberg, ará Norway tó ń ṣe fíìmù, ló ya á ní Malta, eré lásán ni. Ó ní òun fẹ́ kí ayé ronú nípa àwọn ọmọdé ojú ogun. Bóyá inú rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà yẹn, bí fídíò gidi bá ti Syria wọlé, ẹnì kan á ti máa sọ lẹ́yìn mi pé, "Ṣé kì í ṣe fíìmù ni?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtítọ́ bá máa fi bá a lórí ayélujára, àwọn èrò ti tú ká, wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn bọ́ǹbù ibi eré sísá Boston ní ọdún 2013, àwọn èèyàn lórí Reddit, ìkànnì ìjíròrò kan, fi àwòrán wá ọ̀daràn fúnra wọn, wọ́n sì dárúkọ ọmọ aláìṣẹ̀. Àwọn oníròyìn kan gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n tún un sọ. Ìdílé ọmọ náà ti ń wá a tẹ́lẹ̀ torí pé ó ti sọnù. Kò sí láyé mọ́ ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń pè é ní apànìyàn. Lọ́jọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà fúnra rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bú gbàmù lẹ́bàá Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, iye ìpín ìdókòòwò ní Amẹ́ríkà sì já wálẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sóhun tó jọ ọ́. Ìbéèrè "ta ló ya á" ti wá ní ìdáhùn tuntun: kò sẹ́ni tó ya á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni mo fẹ́ bínú lé lórí díẹ̀. Bí fídíò kan bá ti gbòde, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn bí ogójì ló máa tò síbẹ̀: "Ẹ kú ewu o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ya á? Ṣé a lè lò ó lórí gbogbo ìkànnì wa, títí láé?" Títí láé! Ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì ń rú èéfín! Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti yọ "títí láé" kúrò. Daniel Morel, ayàwòrán ọmọ Haiti, ya ohun tí ilẹ̀ ríri ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2010 ṣe, ó fi í sórí Twitter. Ẹlòmíràn gbé e bí ẹni pé tirẹ̀ ni, AFP àti Getty, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwòrán, sì ń pín in káàkiri láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tó dá a láre pé kí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 1.2 fún un. Ẹni tí àwòrán jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn, tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó lè gba lọ́yà. Kí ni ti ọmọ tó ya iná láti ojú fèrèsé?

Mo ti bá ọ̀gá wa sọ ọ́. Mo ní à ń sanwó fún Reuters, ẹ jẹ́ ká máa sanwó fún àwọn wọ̀nyí náà. Ó ní a máa ń dárúkọ wọn. Mo ní orúkọ kì í ra dátà. Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Mi ò tíì fi í sílẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ ká dárúkọ wọn náà wà, a sì gbọ́dọ̀ béèrè kí a tó mọ̀. Ìbéèrè tí mo wá fi ń ṣíwájú gbogbo ìbéèrè báyìí ni, "Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà ò léwu?" Ọmọ kan dá mi lóhùn lọ́dún kan pé, "Kò léwu, mà. Ṣé kí n sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i?" Igbe tí mo ké, gbogbo yàrá ìròyìn ló yíjú wò mí.

Ìyókù kò tó kí n fi àsìkò yín ṣòfò lé e lórí. Ìpolówó kéékèèké tó ń bọ́ àwọn ìwé ìròyìn ti ṣí lọ sórí Craigslist, ìkànnì ìpolówó kan, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́, kí Facebook tó gba èyí tó kù. Nígbà kan, bí ẹnì kan bá ya fídíò lóòró, àwa la ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. À ń fi àwòrán ṣíṣú dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè gba ojú tẹlifíṣọ̀n tán níbùú. Lónìí, àwa fúnra wa là ń dá kámẹ́rà ńlá dúró lóòró. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ka ìròyìn tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́ ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ó ń sún mọ́ kámẹ́rà bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí. Ó yẹ ẹ́, mi ò ní purọ́.

Bí mo bá máa wo fídíò tó burú, mo máa ń kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀. Àwòrán ń tán lójú nígbà tó bá yá. Ohùn kì í tán.

Lóru ọjọ́rú tó kọjá, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ pè mí: "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan." Iná ń jó ilé ìkẹ́rùsí kan. Fídíò náà ti la ojú òpó bíi mẹ́fà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mọ iṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tó fi rí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e sórí afẹ́fẹ́. Mo pè é. Ọkùnrin kan ló gbé fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní àwọn ọmọ òun ti sùn. Mo béèrè bóyá ibi tó wà ò léwu. Ó ní odò wà láàárín wọn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró síbi tó dúró sí lẹ́ẹ̀kan, kó ya fèrèsé náà àti aago ara ògiri pa pọ̀ fún wa. Ó ṣe é. Àbúrò mi ń wo sátẹ́láìtì, ó ń ka òrùlé láti etí odò: méjì aláwọ̀ eérú, ọ̀kan pupa, tánkì omi kan.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ara mu, mo tún un pè. Mo sọ fún un pé a máa gbé e ní aago márùn-ún, mo sì béèrè bóyá ká dárúkọ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, láti aago méjì ni mo ti ń gbé e lórí ojú òpó mi. Èèyàn 11,000 ló ti wò ó. Kí wá lẹ ń ṣe láti ìgbà yẹn?"

Mo ní, "À ń ka òrùlé."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn kan ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé èèyàn mẹ́ta ti kú sínú iná náà. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní mo ti pe àwọn panápaná lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì gbé e.

"Tí wọ́n bá gbé e," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje ni wọ́n gbé e. Ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí náà ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Mo pe ọkùnrin náà kí n tó sọ fún olóòtú.